Òkúta Ẹgbẹ̀rin Ó Lé Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Wọ́n ti fún mi ní gbàgede àtijọ́ náà láti tún ṣe. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kọ̀wé, tí mo ń ya àwòrán, tí mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé bí ẹni tó wá wáṣẹ́ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Lónìí ni ọ̀gá mi ju fáìlì sórí tábìlì mi, ó ní kí n máa gbé e lọ kí n tó fi àròyé rán òun sọ́run.

Àdéhùn rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ó le. Alága ìgbìmọ̀ ìlú fún wa di Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹta, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ yóò jókòó láti dìbò. Bí iṣẹ́ bá ti parí nígbà náà, tí olùyẹ̀wò ohun àtijọ́ sì ti kọ̀wé pé ó dára, gbàgede di ti ará ìlú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò da kọ́tà, ọ̀dà dúdú ojú títì, bò ó, wọn yóò fa ìlà funfun sí i, yóò sì di ibi ìgbọ́kọ̀sí títí ayé. Ohun kan ṣoṣo ni olùyẹ̀wò náà béèrè: gbogbo òkúta ilẹ̀ tí a bá tú gbọ́dọ̀ padà sí ojú ibi tí a ti tú u. Mo fọwọ́ sí i. Bírò mi tó dára jù ni mo tiẹ̀ fi fọwọ́ sí i.

Mo sọ fún Màmá mi nílé. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú ló ti ń gbé lọ́dọ̀ mi, ó sì ti fi ọdún mọ́kànlélógún tẹ̀wé ní ọ́fíìsì àtijọ́ tó kọjú sí gbàgede yẹn. Ó ní, “Ibi ọkọ̀ yẹn?” Mo ní gbàgede ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ibi ọkọ̀.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kejì

Mo fi ẹsẹ̀ wọn ún: ìṣísẹ̀ méjìdínlógójì sí méjìlélọ́gbọ̀n. Kò tóbi. Ìtìjú tó wà lára rẹ̀ ló tóbi. Koríko ti hù láàárín òkúta. Ọpọ́n òkúta àárín, tí omi máa ń tú jáde nínú rẹ̀ láyé ọjọ́un, ti kún fún ìgò. Aago ara ilé ẹjọ́ àtijọ́ ti kú sórí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi kò sì rí ẹni tó lè sọ ọdún tó kú fún mi. Igi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó. Aṣebàtà kan jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo apá ọ̀tún, ọkọ̀ ni.

Ẹni tó ń darí àwọn ọkọ̀ náà ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀gágun, nítorí fìlà tó ń dé àti ohùn rẹ̀. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Mo kí i, mo ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ ṣe: bẹ́ǹṣì, igi mẹ́fà, iná, omi tó ń tú. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán pátápátá. Ó wá ní kí n jọ̀ọ́ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, ẹnì kan fẹ́ jáde.

Ẹtì, 7 oṣù kejì

Bàbá Olókùúta dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́fà. Òun ni yóò tú ilẹ̀, òun náà ni yóò tún un tẹ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan òkúta bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

A kọ́kọ́ jiyàn díẹ̀. Fífẹ̀ àwọn òkúta yìí dọ́gba, gígùn wọn dọ́gba, gígùn ọ̀kan sì jẹ́ fífẹ̀ méjì. Nínípọn ni wọn ò fi bára dọ́gba. Àwọn tó tẹ́ wọn nígbà náà gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń rán aṣọ mọ́ ènìyàn lára. Bí o bá gbé ọ̀kan sójú èkejì, yóò máa mì. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà sí ikùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ nọ́ńbà kan náà sórí àwòrán mi. Bàbá Olókùúta fẹ́ fi pẹ́ńtì kọ ọ́. Mo ní rárá, a kì í kun ohun tó ti pé igba ọdún ní pẹ́ńtì, ṣọ́ọ̀kì la ó lò. Ó wo ojú ọ̀run, ó wò mí.

“Ṣọ́ọ̀kì, Màdáàmù?”

Mo ní òjò kò ní rọ̀ títí di ìparí oṣù kẹta, mo ti wo àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá. Ó ní kò burú, èmi ni mo mọ̀wé. Mo fẹ́ràn òṣìṣẹ́ tó tètè ń gbà.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kejì

A ya fọ́tò gbogbo apá òsì, òkúta kọ̀ọ̀kan. Apá ọ̀tún ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀gágun ní àwọn oníbàárà òun kò tíì gbọ́. Mo ní wọ́n ti gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bóyá wọn ò fetí sí i.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kejì

Àwọn ọkọ̀ lọ nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ọ̀gá mi rán àwọn agbófinró wá. A ti pàdánù ọjọ́ mẹ́ta. Bí ọkọ̀ tó kẹ́yìn ṣe ń jáde ni mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bàbá Olókùúta béèrè bóyá a ò ní kọ́kọ́ ya fọ́tò apá ibí náà. Mo ní nọ́ńbà wà, kí ni fọ́tò tún fẹ́ ṣe?

Ọ̀gágun gbé àga rẹ̀ lọ sídìí ògiri, ó jókòó, ó káwọ́ gbera, ó ń wò wá ṣe. Mo rò pé yóò wò wá fún wákàtí kan, yóò lọ. Ó wò wá títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kejì

Ẹ bá mi dúpẹ́. Lábẹ́ òkúta, lẹ́bàá ọpọ́n, a bá kòtò omi kan tí wọ́n fi bíríkì kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà. Kò wó rárá. A kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, mo da garawa omi kan sí i ní òkè, mo sáré lọ sí ìsàlẹ̀, omi náà sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Mo pariwo bí ọmọdé. Aṣebàtà dìde wá wò ó, ó ní òun ti ń tẹ orí kòtò yẹn fún ọdún méjìlá láìmọ̀.

Sìmẹ́ǹtì ti tún wọ́n sí i. Mo ra tapólì mẹ́rin láti fi bò ó.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù kejì

A tú u tán. Òkúta 864, gbogbo wọn ní nọ́ńbà, a tò wọ́n ní ìdúró, ọ̀kan fẹ̀yìn ti èkejì bí ìwé lórí pẹpẹ. Ènìyàn méjì ló ń gbé ọ̀kan. Mo rìn láàárín wọn lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń ka nọ́ńbà wọn, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó ń ka orúkọ ọmọ rẹ̀. Màmá mi ní tí mo bá ń kí òkúta láàárọ̀ báyìí, kí n rántí kí òun náà.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kejì

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, afẹ́fẹ́ tútù kan kọjá láàárín wa. Bàbá Olókùúta gbé orí sókè. Apá kan ojú ọ̀run ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Tapólì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí sìmẹ́ǹtì. Kí a tó tú okùn ọ̀kan, òjò ti dé, kì í sì í ṣe òjò winniwinni. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bo òkúta mẹ́ta. Mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ìdí àwọn òkúta bíi wàrà, ó ń wọ inú kòtò omi tí mo fi ń yangàn, kòtò náà sì ń gbé e lọ láìjáfara. Ìdajì wákàtí péré ni. Lẹ́yìn náà oòrùn tún yọ, ojú ọ̀run mọ́ kedere, bí ẹni pé kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ẹtì, 28 oṣù kejì

Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì hàn, àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ aṣebàtà: 31. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Ohun tó dùn mí jù ni pé Bàbá Olókùúta kò sọ pé ṣé òun ò ti sọ. Ká ní ó sọ ọ́ ni, mo lè bínú sí i, ara ì bá sì tù mí díẹ̀. Mo dé gbàgede láàárọ̀, mo bá a níbẹ̀ lóun nìkan, ó ń yí òkúta padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú wọn. Mo dúró níwájú rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́.”

“Òjò ò mọ ẹni tó mọ̀wé, Màdáàmù. Ẹ bá mi di ìdí èyí mú.”

Mo dì í mú. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán, a ò sì tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n tún nọ́ńbà kọ sí wọn bó ṣe wù mí, kí a tẹ́ wọn, kí a fi sìmẹ́ǹtì dí ìdí àwọn tó bá ń mì, kí n sì fún olùyẹ̀wò ní àwòrán bó ṣe wà. Ó ní, “Òkúta kì í sọ̀rọ̀. Ìwọ náà má sọ̀rọ̀.” Kò sọ ọ́ bí olè, ẹ̀rù ló ń bà á, torí òun náà ti fẹ́ràn gbàgede yìí. Ó rán mi létí ohun tí ń bẹ níwájú: bí olùyẹ̀wò bá kọ̀, kọ́tà ni. Mo ní màá ronú sí i.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Fọ́tò. Fọ́tò. Fọ́tò. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó gígùn kan, àwa mẹ́jọ ń rìn láàárín òkúta, a ń wá àpá, ilà, àbàwọ́n, ibi tó ti kán. Ojú mi ti pọ́n. Ogójì la rí lónìí. Àná, mọ́kàndínlógún.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Fọ́tò ti fún wa ní 402. Aṣebàtà fi mẹ́sàn-án kún un lóun nìkan. Ó wá, ó fi gíláàsì sójú, ó tọ́ka sí àwọn tó máa ń wà níwájú rẹ̀, ó ní ẹni tó bá ti kan ìṣó lórí òkúta kan fún ọdún méjìlá mọ ojú rẹ̀ ju ojú ìyàwó lọ. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún dákẹ́. Kò sí fọ́tò rẹ̀, ẹjọ́ ara mi sì ni. Ó lé ní irínwó òkúta tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń wò mí, mo sì ń wò wọ́n.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Mo gbọ́dọ̀ kọ eléyìí dáadáa.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Bàbá Olókùúta àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ń gbé òkúta kan lọ sí apá ọ̀tún, ó ní bóyá ó jọ ti ìlà kẹta. Ọ̀gágun, tó ti jókòó sídìí ògiri fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, dìde.

“Ibẹ̀ kọ́ ni ti ẹ̀.”

Gbogbo wa yíjú. Ó rìn wá, ó fi bàtà kan òkúta náà. Ó ní Etí-Kíkán lèyí, ìlà karùn-ún ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Olóyún. Mo bi í ta ni Ìyá Olóyún. Ó mú mi lọ bá òkúta kan tó yọ ikùn láàárín, ó ní òun nìyí, ẹ wo bó ṣe wú. Lẹ́yìn náà ó fi Apárí hàn mí, tó dán tí kò ní àpá kankan, àti Olójú-Kan tó ní ihò, àti Ọlọ́ra, tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ti ń jó epo sí lórí láti bí ọdún mẹ́jọ.

Ó ní òun kò fa ìlà rí ní gbogbo ọdún tí òun fi darí ọkọ̀. Òkúta ni ìlà òun. Òun a sọ fún awakọ̀ pé kí ó fi táyà iwájú lé Apárí, kí ti ẹ̀yìn má kọjá Olójú-Kan. Èmi tí mo ti ń sọ fún gbogbo ayé láti ọdún mẹ́fà pé àwọn ọkọ̀ yẹn ló ń ba ìrántí ibẹ̀ jẹ́! Orí ọkùnrin yẹn ni ìrántí náà wà, lábẹ́ fìlà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Mi ò ṣe é fún yín o, Màdáàmù. Iṣẹ́ mi lẹ gbà. Ṣùgbọ́n ojú ń ta mí bí mo ṣe ń wò ó tí ẹ ń gbé wọn síbi tí kì í ṣe tiwọn.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé gbàgede yóò nílò alábòójútó, mo sì ti rí i: Ọ̀gágun. Mo ní bí wọn ò bá gbà á síṣẹ́, èmi náà kò ní wá sí ọ́fíìsì ní Ọjọ́ Ajé. Ó dáhùn pé ìhàlẹ̀ kì í ṣe àmúyẹ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ìrọ̀lẹ́ ó tún kọ̀wé pé wọ́n gbà á.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Ọ̀gágun ti dá 238 mọ̀. Ó gbé ìdajì wákàtí sórí ọ̀kan ṣoṣo láàárọ̀ yìí, ó wá gbé e kúrò, ó ní kò dá òun lójú, òun kò ní purọ́ mọ́ òkúta. Àpapọ̀ di 680. Ó ku 184. Lórí àwọn yẹn, òun náà na ọwọ́ sókè.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí olùyẹ̀wò tó dé.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta

Màá kọ ohun tí mo ṣe láàárọ̀ yìí, kódà bí ojú bá ń tì mí. Mo jókòó nínú àgọ́ iṣẹ́ ní aago méje, mo ṣí àwòrán sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn 184 náà ní nọ́ńbà lórí ìwé kan. Mo kàn ń mú èyí tó bá wá sọ́wọ́. Kò nira. Bí mo ṣe dé ìkẹtàdínlọ́gọ́ta, ọwọ́ mi ti ń yára bí ẹni tó ti ń purọ́ láti kékeré.

Bàbá Olókùúta wọlé wá mú tíì. Ó wo ìwé náà lórí èjìká mi. Kò gbé ohùn sókè.

“Màdáàmù, ta ni yóò tú u lẹ́yìn tiwa?”

Mo ní mi ò mọ̀, bóyá ẹnikẹ́ni kò ní tú u mọ́. Ó ní wọn yóò tú u. Igba ọdún sí i, ó kéré tán, omi yóò ba ìdí rẹ̀ jẹ́, ẹnì kan bíi tòun yóò wá pẹ̀lú irin, ẹnì kan bíi tèmi yóò ṣí ìwé yìí. Onítọ̀hún yóò gbà mí gbọ́. Yóò máa wá ìdí tí òkúta kò fi jókòó dáadáa, yóò rò pé òun ni kò mọṣẹ́. Ó gbé tíì rẹ̀, ó jáde.

Mo fa ìwé náà ya. Nílé, mo sọ fún Màmá mi, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa òkúta, ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó tún wá ní kí n jẹun.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Mo jí pẹ̀lú ìdáhùn. Gígùn òkúta kan jẹ́ fífẹ̀ méjì. Nítorí náà, ojú òkúta méjì tó wà ní òró gba méjì ní ìbú. Gbogbo òkúta àtijọ́ ló wà ní òró, wọ́n kọjú sí ilé ẹjọ́. A ó tẹ́ 680 tí a mọ̀ bó ṣe wà. A ó tẹ́ 184 tí a kò mọ̀ ní ìbú, gbogbo wọn, níbi tí àyè bá ṣófo, a ó sì gbẹ́ ilẹ̀ tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí wọ́n má bàa mì. Ẹni tó bá fojú wò ó lásán yóò mọ ibi tí ọwọ́ àwọn àkọ́kọ́ parí sí àti ibi tí tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Olókùúta rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ òjò. Ọ̀gágun ní yóò dà bí aṣọ tí a lẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a lẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá mi ní mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sílẹ̀ kí gbogbo ìlú máa rìn lórí rẹ̀. Òun náà kò parọ́.

Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Iṣẹ́ láti àárọ̀ kùtù. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin ti dúró, igi mẹ́fà ti wọlẹ̀, igi àtijọ́ tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì wà níbi tó wà, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Àìkú, 23 oṣù kẹta

Òkúta tó kẹ́yìn jókòó ní aago mọ́kànlá. Òjò rọ̀ ní ọ̀sán, a dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ a ń wo ilẹ̀. Omi kò dúró sójú kan. Ó yí ìdí ọpọ́n ká, ó wọ kòtò, ó lọ. Aṣebàtà ní kí a sún sẹ́yìn díẹ̀, a ń dí ìmọ́lẹ̀ òun.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Olùyẹ̀wò dé. Obìnrin kékeré ni, ohùn rẹ̀ tínrín, kò sì gbà láti jókòó. Ọ̀gá mi ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, kí n sọ pé ìbú yẹn jẹ́ ọ̀ṣọ́. Ọ̀ṣọ́! Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ wà lẹ́nu mi, ó sì dùn ún sọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀kì, pẹ́ńtì tí mo kọ̀, fọ́tò tí mo kọ̀, tapólì lórí sìmẹ́ǹtì. Mo ní 680 wà ní ipò wọn, mo sì lè fi ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn án. Mo ní 184 tó wà ní ìbú wọ̀nyí, a ò mọ ibi tí wọ́n ti wá, àṣìṣe tèmi sì ni. Ọ̀gá mi yíjú lọ wo aago tó ti kú.

Obìnrin náà rìn lórí àwọn tó wà ní ìbú, gbogbo wọn, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ etí wọn wò bóyá wọ́n á mì. Ó padà wá.

“Ọdún kẹtàlélógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Gbogbo ìwé tí wọ́n ń fún mi ló ń sọ pé gbogbo òkúta padà sí ipò rẹ̀. Mo ti tẹ àwọn tó ń mì, mo sì ti fọwọ́ sí i, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé òun ò mọ̀.” Ó nàka sí àwòrán mi. “Ẹ kọ ọ́ sórí àwòrán yín: a kò mọ̀. Kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Ìwé ìkìlọ̀ ń bọ̀ fún yín nítorí ṣọ́ọ̀kì yẹn, yóò sì wà nínú fáìlì yín fún ọdún méjì.”

Mo béèrè bóyá ó fọwọ́ sí gbàgede. Ó ní ìgbìmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn. Ó lọ.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹta

Mi ò jẹun. Mo fọ ilé lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Alága ka ìwé olùyẹ̀wò sókè. Nígbà tó dé ibi ṣọ́ọ̀kì, ó dúró, ó tún un kà kí ẹni tí kò gbọ́ lè gbọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo ń ka àwọn fèrèsé. Ẹnì kan ní ṣé ẹni tí kò lè tọ́jú nọ́ńbà la fẹ́ fi gbàgede lé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a da kọ́tà, kọ́tà kì í sọ nù nínú òjò. Alága ní òun kò tíì kà á tán. Ìlà tó kẹ́yìn ìwé náà ní gbàgede yìí nìkan ni ilẹ̀ àtijọ́ tí òun ti yẹ̀ wò tí òun lè gba gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ gbọ́, òun sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n dìbò. Méje sí márùn-ún. Gbàgede ni.

Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́ níta, ó ní òun ṣì ń bínú. Mo ní mo mọ̀. Mo pe Bàbá Olókùúta, mo sọ fún un. Ó ní mo kú iṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

A ṣí i láàárọ̀. Alága sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó kó gbogbo ọpẹ́ fún ara rẹ̀, ó lọ. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo mú Màmá mi wá, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ gbá a, ó ní ó le, ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Àwọn ọmọdé ti sọ òkúta ìbú di eré: orí àwọn yẹn nìkan ni wọ́n ń fò sí, ẹni tó bá tẹ èyí tó wà ní òró ti kú nìyẹn. Mo wò wọ́n títí. Àwọn tí ojú ń tì mí nítorí wọn ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan yọ láti òpópó ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ẹ́ gun orí òkúta. Ọ̀gágun, tó ti wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun, lọ dúró síwájú rẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Awakọ̀ náà, ọkùnrin àgbàlagbà kan, yọ orí jáde, ó ní ibí ni òun máa ń gbé ọkọ̀ sí.

“Ọkọ̀ kì í wọ ibí mọ́, sà.”

“Láti ìgbà wo?”

Ọ̀gágun wẹ̀yìn, ó wo àwọn ọmọdé, ó wo ilẹ̀.

“Láti àárọ̀ yìí.”

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a jà, ó wá fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, ó lọ. Mo yíjú sí ògiri kí Màmá mi má bàa rí i pé mò ń sunkún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rí ọkùnrin náà tó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti òpópó, ó ń wo igi, ó ń wo omi tó ń tú nínú ọpọ́n. Ó dé ọ̀dọ̀ bẹ́ǹṣì, ó béèrè bóyá ẹnì kan ń jókòó síbẹ̀. Màmá mi sún fún un.